Igbó Wa Kì Í Ṣe Pàǹtí: Èsì sí Àwọn Tó Ní Kí Á Fi Igi Ṣe Epo



Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí kpayo sì gbówó lórí, ọ̀rọ̀ epo ò tán lẹ́nu wa mọ́. Àwọn kan wá ń sọ pé àwọn òyìnbó ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ igi di epo ọkọ̀. Wọ́n ní kí á yáa fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílẹ̀, pé igi ọ̀hún sáà ń di èédú lójoojúmọ́. Àwa ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

A ò ní irọ́ ni o. Ta ni ò mọ̀ pé ẹmu ń kan? Ìwúkàrà tí ojú ò rí ló ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, tó ń sọ ọ́ di ọtí, kí á tó gbé e kaná kó di sódàbì. Ṣúgà wà nínú igi náà, ṣùgbọ́n ó so kọ́ra bí okùn, ohun kan tí wọ́n ń pè ní lignin sì mú un le bí ìgbà tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri. Ìwúkàrà ò lè wọ ibẹ̀. Ikán ń jẹ igi nítorí pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ikùn rẹ̀ ń bá a dà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, aṣọ àgọ́ àwọn sójà Amẹ́ríkà ń jẹrà ní erékùṣù Solomon. Èéhù kan, irú èyí tí ń bo búrẹ́dì, ló ń jẹ ẹ́. Trichoderma reesei ni wọ́n ń pè é. Oje tí èéhù yẹn ń tú jáde wà lára ohun tí wọ́n fi ń já okùn ṣúgà náà títí dòní, kí ìwúkàrà tó lè rí nǹkan jẹ.

Ìmọ̀ wà. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ DuPont ṣí irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, pòròpórò àgbàdo ló ń lò. Ọdún 2017 ni wọ́n ti í. Clariant kọ́ tirẹ̀ sí Podari ní Rùmáníà láti máa lo 250,000 tọ́ọ̀nù koríko gbígbẹ lọ́dún, kó lè rí 50,000 tọ́ọ̀nù ọtí fún ọkọ̀. Ẹ ṣírò ó: tọ́ọ̀nù 5 wọlé, tọ́ọ̀nù 1 jáde. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, wọ́n ti pinnu láti ti òun náà. Raízen ní Bùràsíìlì ló ṣì ń ṣe é, orí pàǹtí ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán ló sì ti ń ṣe é.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó gé igbó. Ìyókù oko ni gbogbo wọn lò. Bí olówó tó ní ọ̀mọ̀wé rẹpẹtẹ bá ti ilẹ̀kùn, kí ni ẹni tó ń bọ̀ wá bá wa fẹ́ fi igi àyìn, apá, ẹmì àti igbá wa ṣe? Bí epo ò bá jáde, igi á ti lọ, ilẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Igi ẹmì ló ń fún wa ní òrí. Igi igbá ló ń fún wa ní irú, kòkòrò àìfojúrí náà sì ni àwọn ìyá wa ń lò láti sọ ọ́ di irú, láìgé igi rárá.

Ṣé a ti gbàgbé làpálàpá ni? Ní nǹkan bí ọdún 2008, wọ́n ní epo ọkọ̀ ni yóò máa ti ara rẹ̀ ṣàn. Níbi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tó gbìn ín ò rí ẹni rà á.

A ò bú àwọn tó ń sun èédú. Ọ̀nà àtijẹ ni, Kùtọnu ló sì ń rà á. Ṣùgbọ́n nínú ebu oníyẹ̀pẹ̀ tiwa, tọ́ọ̀nù igi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń di tọ́ọ̀nù èédú 1. Ẹni tó bá ní igbó ń tán lọ, òótọ́ ló sọ. A kì í torí pé olè ti kó nínú àká kí á wá ṣílẹ̀kùn fún ìyókù.

Kòkòrò tó yẹ wá wà nítòsí. Inú ìgbẹ́ màlúù ló wà. Ní Àjàṣẹ́, ibùdó Songhaï tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 ń fi ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí ṣe gáàsì ìdáná. Ṣé àwa ò ní màlúù ni? Ṣé èèpo ẹ̀gẹ́ ò ga bí òkè níbi tí àwọn ìyá wa ti ń yan gaàrí, tí wọ́n sì ń fi igi dáná sí i? Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1970 ti kọ́ wa pé ìrèké lè di ọtí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán iṣẹ́ kòkòrò àti igi wò, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi pàǹtí ìrèké, kó fi igbó sílẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè wa, igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òfin ilẹ̀ 2013-01 ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ní ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ètò ohun tó fẹ́ ṣe síbẹ̀ hàn, kí ìjọba sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá lóru, ẹ má tẹ̀ka sí i. Ẹ ní kí wọ́n ka ètò náà lójú gbogbo ìlú, ní èdè wa. Ẹ bi wọ́n léèrè mẹ́ta: kí ni yóò máa jẹ, pàǹtí ni àbí igi tútù? Níbo ni irú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lónìí? Bí ó bá kùnà, ta ni ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹgbẹ́ wa ní tiwa ń bẹ mẹ́rì pé kí owó àkọ́kọ́ lọ sórí kòtò gáàsì kan níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, kí àwọn ìyá oníṣòwò oúnjẹ sì máa fi dáná. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ojú wa á tó o, ọwọ́ wa á tó o. Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ wá. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde.