Ọmọ Tí Ń Lọ Kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Faransé



Ìdílé púpọ̀ láàárín wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, ni ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Amẹ́ríkà. Nígbà mìíràn ìròyìn a dé pé ọ̀kan nínú wọn ti rí iṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, láti máa ran olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nítorí pé àwa ni a gbọ́ Faransé, àwa ni wọn ń wá ìmọ̀ràn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a óò sọ, kí ọmọ má baà padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ kí Kérésìmesì tó dé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Láti 1905 ni ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi àwọn ọ̀dọ́ ránṣẹ́ síra wọn fún un. Samuel Beckett, ọmọ Ireland tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1969, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Paris láti 1928 sí 1930, ní École normale supérieure. Ní òde òní, àdéhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oṣù méje, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹrin, wákàtí 12 lọ́sẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó ni kíláàsì, òun kọ́ ni yóò sì máa fún àwọn ọmọ ní máàkì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kó akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ, kí ó mú wọn sọ̀rọ̀, kí etí wọn lè mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń dún lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Ó sì lè jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò máa pín ara rẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Owó oṣù náà jẹ́ nǹkan bí 800 yúrò. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí owó wa, ó tó nǹkan bí 525.000 fráǹkì. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí ní ọjà Kétu yóò ní ọmọ náà ti di olówó. Ṣùgbọ́n yàrá kan ní ìlú kékeré lè gba ìdajì rẹ̀. Ní Paris, yàrá nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Onílé a sì máa béèrè onígbọ̀wọ́. Owó oṣù àkọ́kọ́ kì í yá. Ó lè di ìparí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá kí ó tó rí i. Nítorí náà, kí ọmọ mú owó tí yóò jẹ fún oṣù méjì dání. Kí àwa náà má ṣe ránṣẹ́ béèrè owó páànù tàbí owó ìsìnkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì láti sọ pé òun kò ní, gbèsè ni yóò jẹ, yóò sì dákẹ́.

Lẹ́yìn owó, ó ku ìwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọmọ tí ó ní páásì Gẹ̀ẹ́sì nìkan náà ní láti gba físà. Ẹ̀gbọ́n tí ó lọ ní 2015 lè sọ pé kò sí wàhálà. Ti ìgbà tirẹ̀ ni ó ń sọ. Ìwé ìyànsípò tí wọn ń pè ní arrêté de nomination ni ìyá gbogbo ìwé yòókù. Kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó bá dé ọ̀hún, kí ó fi ìdí físà náà múlẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n abèèrè kì í ṣìnà.

Síbẹ̀, ohun tí ó lè borí ọmọ jù lọ kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ìwé. Ìdáwà ni. Wákàtí 12 ni iṣẹ́ lọ́sẹ̀. Àwọn wákàtí tí ó kù ńkọ́? Kí ó tó mọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tán, ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ti Ọdún Gbogbo Àwọn Ẹni Mímọ́ ti dé. Òtútù bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń tètè ṣú, òun nìkan sì ni nínú yàrá.

Níbí ni ẹ̀kọ́ ilé ti wúlò. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó bá wọ ilé oníbúrẹ́dì tí kò kọ́kọ́ sọ pé «Bonjour», aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò kà á sí. Ọmọ tí ó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù lè rò pé ẹ̀rín músẹ́ tó. Kò tó. Bákan náà ni «vous» àti «tu». Gẹ̀ẹ́sì ní «you» kan ṣoṣo fún ọba àti ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín «ẹ» àti «o» ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó kúrò nílé. Ohun kan ni kí ó ṣọ́: àwọn olùkọ́ a máa fi «tu» bá ara wọn sọ̀rọ̀, àgbà àti ọmọdé. Kí ó fi «vous» bẹ̀rẹ̀, títí wọn yóò fi ní kí ó yí i padà. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe rò pé ìwọ̀sí ni. Wọ́n ti gbà á mọ́ra ni.

Kí ó máa bá àwọn olùkọ́ jẹun lọ́sàn-án dípò kí ó sáré lọ sí yàrá. Kí ó wọ ẹgbẹ́ kan, ìbáà ṣe ti bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ti akọrin ìjọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wo àwọ̀ rẹ̀, tí ó béèrè bóyá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni í ṣe lóòótọ́, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá pè é lórí tẹlifóònù, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé èló ni wọ́n san. Ẹ béèrè pé ta ni ó mọ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò. Bí ó bá lè dárúkọ ẹni mẹ́ta, kí ọkàn yín balẹ̀. Bí kò bá rí ẹnì kan dárúkọ, ẹ tún pè é lọ́la.