Ohun Tí A Lè Fi Yorùbá Ṣe

"Kí lẹ fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Ta ni wọn ò tíì bi ní ìbéèrè yìí nínú wa? Àwọn òbí ń bi wá, àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin náà ń bi wá. Ìdáhùn tí a máa ń fún wọn kò ju pé a ó di olùkọ́ tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a kì í dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ó bá wa mu gan-an: iṣẹ́ olùṣètò ẹ̀kọ́.

Olùṣètò ẹ̀kọ́ máa ń kọ́kọ́ wádìí ohun tí àwọn ènìyàn kò lè ṣe àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yan ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́: fídíò, àwòrán, eré orí fóònù tàbí ohùn lásán. Ẹ wo ìyá kan tó ń tajà, tó sì máa ń ṣi nǹkan tẹ̀ lórí ẹ̀rọ POS. Bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé èdè tí kò gbọ́ ló wà lójú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́wàá kò lè yanjú ìyẹn. Èdè ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ yí padà.

Ibí yìí ni ìmọ̀ wa ti wúlò. Ẹ mú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹni tí kò mọ èdè yìí dáadáa lè to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí áàpù, kí ó ní kí ọmọdé há wọn sórí. Àwa mọ̀ pé etí ló ń kọ́kọ́ kọ́ ohùn. Ọmọ náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò sì yan àwòrán. Bó bá gbọ́ ọkọ́ tó ń yan àwòrán ọkọ̀, a ti mọ̀ pé kò tíì dá ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ níparí ọ̀rọ̀. Ìyẹn la ó fún un ṣe sí i.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì lórúkọ nínú ìwé Yorùbá. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, ìmọ̀ èdè nìkan kò tó. Ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì ń tún un ṣe, bí a ṣe ń fi àmì ohùn tẹ ọ̀rọ̀, àti bí ọpọlọ ṣe ń gba ẹ̀kọ́. Ohun tí à ń bẹ àwọn olùkọ́ wa fún kò pọ̀: kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá wù ṣe ètò ẹ̀kọ́ kan, kí ó dán an wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi, kí ó sì fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí nínú yín, ẹ fún wa ní ọ̀sán kan péré. Ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá.