Á Dáa, Àmọ́ Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Ẹ̀ Ná

Ẹni tí kò bá retí rere kò lè gbin kòkó, torí ó lè tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá ẹni tó ń wí pé "á dáa" jà. Ìrètí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí ètò owó èlé tí wọ́n ń pè ní MMM. Sergey Mavrodi, ará Rọ́ṣíà tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi jìbìtì lọ́dún 2007, ló ni ín. Nígbà tí MMM dé Nàìjíríà, èlé 30 nínú 100 lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí. Ẹni tó bá fi ₦100,000 síbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, lọ́dún kan, á ti lé ní mílíọ̀nù 2.3. Tó bá di ọdún méjì, á lé ní mílíọ̀nù 54. Òwò wo ló ń mú irú èrè yẹn wá? Kò sí òwò kankan: owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà níbẹ̀. Alájọ ọjà kò jẹ́ purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí o dá ni wàá kó, á sì yọ ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ ẹ̀.

Báńkì àpapọ̀ kìlọ̀ títí. Àmọ́ nínú ilé, ẹni tó bá ní "bó bá wó ńkọ́?" ló di ẹlẹ́nu burúkú. "Ọlọ́run ò ní jẹ́! Kì í ṣe tiwa!" Ni ìbéèrè bá kú síbẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2016, tí kálukú ń wá owó ọdún, wọ́n ti owó náà pa. Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà.

Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. N kò gbà tán. Ọdún tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọdún yẹn. Ẹni tí owó oṣù ò tó jẹun mọ́ ni ìlérí ńlá máa ń dùn létí jù.

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó tún kan CBEX, àwọn tó ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Nígbà tó dojú dé, àwọn tínú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn, wọ́n kó ohun tọ́wọ́ wọn bà. Síbẹ̀, CBEX ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbowó ẹ̀ kọ́kọ́ san ó kéré tán 100 dọ́là, kí wọ́n fi yẹ àkáǹtì ẹ̀ wò. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹnì kan bá ti ń yá 100 dọ́là náà kiri kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.