Èèkù Idà Wà Lọ́wọ́ Yín, Kí Lẹ Ń Sá Fún?

Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Kò sí Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún: ẹni tí kò ní ohun ìjà kì í wá ìjà. Ohun tí òwe náà fi sílẹ̀ láìsọ ló ń bí mi nínú lásìkò yìí: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ èèkù ńkọ́? Àwọn tó ń ta póòkà ní Àbújá ti fi àròyé kan dí wa létí. Wọ́n á ní ẹnì kan jókòó sí tábìlì ìdíje, kò mọ ayò. Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gbé owó dé ìlọ́po méjì ààbọ̀ owó dandan tó tóbi jù, òun á gbé tirẹ̀ dé ìlọ́po mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan sí àárín. Wọ́n á ní ó ba ayò jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, òun ló jẹ́ kí àwọn ju Ayaba méjì nù, òun ló jẹ́ kí àwọn fi Ọba méjì rọra tẹ̀ lé e títí Éèsì fi já lulẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀bi ẹni náà o. Ayò tí kò ní gbèdéke ni wọ́n jọ jókòó tì, òfin rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi iye tó bá wù ú sílẹ̀. Ẹni tó di èèkù mú tó tún ń sá fún ariwo, òun ni mo dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká ka owó náà síta. Ká ní blind, ìyẹn owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí a tó pín káàdì, ti di 500 àti 1,000, tí ẹni tó san blind ńlá sì tún san 1,000 mìíràn fún gbogbo tábìlì. Ṣíìpù 2,500 ti wà nílẹ̀ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ṣíìpù 30,000 ló wà níwájú yín, Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tó ṣíwájú yín bá gbé e dé 2,500 bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ti ń ṣe, 5,000 ló wà nílẹ̀; bí ẹ bá kó gbogbo tiyín sílẹ̀ tí gbogbo wọ́n sá, 5,000 náà lẹ jẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń bú yìí gbé e dé 10,000, ohun tó wà nílẹ̀ sì di 12,500. Ẹ kó 30,000 yín sílẹ̀. Bí ó bá sá, ohun tí ẹ jẹ lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ṣíìpù yín, ẹ kò sì fi káàdì hàn ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sá, ó di dandan kó fi 20,000 mìíràn kún un, pẹ̀lú káàdì tí tiyín sábà máa ń lé tayọ. Owó tí ẹ pè ní ìwà àìmọ̀kan yẹn, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Bí ẹ bá ní káàdì gidi lọ́wọ́, kí ni ẹlòmíràn ì bá tún ṣe fún yín tó dára ju kó da ṣíìpù rẹpẹtẹ sílẹ̀ kó tó kàn yín?

Wọ́n á dá mi lóhùn pé ẹni tó gbé owó tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Éèsì méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Nínú káàdì 52, ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́, ọ̀nà 6 péré ni ti Éèsì méjì. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 ni. Ká tiẹ̀ gbà pé oníṣọ̀ọ́ra ni ẹni náà, pé kò jẹ́ gbé 10,000 àfi tó bá ní ìbejì káàdì láti orí 10 sókè, tàbí Éèsì pẹ̀lú Ọba. Nígbà tí Ọba méjì ti wà lọ́wọ́ yín, ọ̀nà 33 ló ṣẹ́ kù fún un: Éèsì méjì 6, Ọba méjì 1, Ayaba méjì 6, Jack méjì 6, 10 méjì 6, Éèsì pẹ̀lú Ọba 8. Mẹ́fà péré nínú 33 ló wà níwájú yín. Bí ẹ bá bá gbogbo 33 náà ta á tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta, tàbí kó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ni yóò jẹ́ tiyín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé owó gọbọi kì í ṣe oníṣọ̀ọ́ra rárá. Òmíràn ń fi 8 méjì ṣe é nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun. Òmíràn ń fi Éèsì pẹ̀lú Ayaba ṣe é. Ayaba méjì tí wọ́n ń jù nù yìí náà, bí ó bá pàdé Éèsì pẹ̀lú Ọba tí àmì wọn kò bára mu, nǹkan bí ìgbà 57 nínú 100 ló ń jẹ.

Síbẹ̀ àwọn tó sá kọ́ ló ń dùn mí jù. Àwọn tí kò sá tí wọn kò sì jà ni. Wọ́n á ka 10,000 sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á ní kí àwọn kọ́kọ́ wo káàdì mẹ́ta tí wọ́n máa ṣí. Ẹni fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Lẹ́yìn tí ẹ san 10,000, ohun tó wà nílẹ̀ di 22,500, ohun tó kù níwájú yín sì jẹ́ 20,000. Ibo lẹ tún fẹ́ sá sí? Bí Ọba méjì lẹ dì mú, ó lé ní ìgbà 22 nínú 100 tí Éèsì máa já lulẹ̀ nínú káàdì mẹ́ta yẹn. Bí Ayaba méjì ni, ìgbà 41 nínú 100 ni Éèsì tàbí Ọba máa yọjú. Ẹni náà á tún ti ṣíìpù síwájú, ọkàn yín á pòrúurùu, ẹ ó ju káàdì tó ṣeé ṣe kó ju tirẹ̀ lọ nù, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní yín á sì bá a lọ. Kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan, ẹ mọ̀ pé ẹ wà níwájú. Ẹ wá fi 10,000 ra iyèméjì. Bí ó bá jẹ́ pé 150,000 ló wà níwájú ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: ẹ gbé e dé nǹkan bí 25,000, ààyè ìrònú á ṣì kù. Pẹ̀lú 30,000, ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ kó o sílẹ̀, tàbí kí ẹ ju káàdì nù. Ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde, òun ló ń pa èèyàn nínú ìdíje.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó di ojú idà mú pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyí ń bínú pé a ń halẹ̀ mọ́ àwọn, wọ́n á fi Éèsì pẹ̀lú Jack dá a lóhùn láti fi hàn pé ẹ̀rù ò ba àwọn. Nínú gbogbo káàdì tí mo kà fún oníṣọ̀ọ́ra yẹn lókè, kò sí ẹyọ kan tí Éèsì pẹ̀lú Jack ń ṣíwájú, kódà 10 méjì. David Sklansky, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ayò yìí, ti là á yé àwọn olùdíje tipẹ́ pé káàdì tí a fi ń tẹ̀ lé ẹni tó ti gbé owó gbọ́dọ̀ lágbára ju èyí tí a fi ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí iye tó gbé bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni káàdì tí ẹ lè fi dá a lóhùn ń dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ fi gbogbo agbára tà wọ́n.

Àbújá yìí náà ti rí irú rẹ̀ níbi tí owó ti ju ṣíìpù lọ. Ní oṣù kìíní 2001, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fi ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká GSM sí gbàǹjo níbí. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, mílíọ̀nù 285 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan kanlẹ̀ sí. Owó náà ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. MTN àti Econet san án, nítorí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù, tí tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. CIL, ilé-iṣẹ́ Mike Adenuga, jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí ìgbì rédíò tí wọ́n fẹ́ fún un. Kò san ìyókù nígbà tí ọjọ́ pé, mílíọ̀nù 20 dọ́là tó ti fi sílẹ̀ sì wọgbó. Kò jẹ́ kí mílíọ̀nù 20 náà fa mílíọ̀nù 265 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2002, Adenuga padà wá pẹ̀lú Globacom, ó gba ìwé àṣẹ tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní mílíọ̀nù 200. Àwọn tó san àti ẹni tó dúró, kò sí èyí tí gígùn owó dẹ́rù bà. Ohun tí owó náà máa rà ni wọ́n wò.

Àwọn tó ní tẹ́tẹ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò ní àkókò tiwọn lónìí. Àwọn tó yẹ ká dá lóhùn ni àwọn tó ní ẹ̀mí kan ṣoṣo lèèyàn ní nínú ìdíje, pé ó sàn kí àwọn ní sùúrù de ibi tó rọrùn. Sùúrù náà ní iye tó ń jẹ. Éèsì méjì, Ọba méjì àti Ayaba méjì lápapọ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 74 tí a bá pín káàdì ni wọ́n ń dé. Lórí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, ìyẹn jẹ́ ìyípo mẹ́jọ, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ń gba 2,500 lọ́wọ́ yín. Kí irú káàdì tí ẹ jù nù tó padà wá, 20,000 nínú 30,000 ti lọ, bí blind kò bá tiẹ̀ gòkè. Ibì kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó yàtọ̀: ìdíje tí tíkẹ́ẹ̀tì dọ́gbadọ́gba jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀, tó ku ẹnì kan kó já, tí ṣíìpù yín sì ti tó. Níbẹ̀, ẹ lè ju Éèsì méjì pàápàá. Níbi yòókù, kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ ti mọ káàdì tí ẹ máa fi kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e dé ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ má sì yí i padà nítorí ìbínú tàbí ìbẹ̀rù. Ẹ yé bẹ aláìmọ̀kan pé kó máa ta bíi tiyín. Bí ó bá kọ́ ọ, ta ni yóò kù tí yóò máa fi 10,000 síwájú Ọba méjì yín?