Ẹ Má Nà Á Nítorí Pé Ó Tú Rédíò

Ìgbà ìsinmi gígùn ni a wà yìí, àwọn ọmọ ń bẹ nílé láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹjọ́ kan náà ni a sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ní Fidjrossè: "Ọmọ yìí tún ti tú rédíò bàbá rẹ̀!" Pàṣán ni ó sábà máa ń tẹ̀lé ẹjọ́ náà.

A kò sọ pé kí ọmọ máa ba nǹkan olówó jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń wá nínú rédíò? Ó fẹ́ mọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Ìbéèrè gidi ni. Inú olùkọ́ rẹ̀ ìbá dùn bí ó bá bi í ní kíláàsì. Bí a bá nà án lónìí, lóòótọ́ kò ní tú nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n kò ní bèèrè nǹkan mọ́ pẹ̀lú. Èyí ni ó ń kọ wá lóminú.

Àwọn àgbàlagbà tí kò jáwọ́ nínú nǹkan títú ń bẹ nítòsí wa. Ní Lomé, ní ọdún 2013, Afate Gnikou ti WoeLab kó àwókù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti dà nù jọ, ó sì fi wọ́n to ẹ̀rọ kan tí ń yọ́ ike, tí ń tò ó ní ìpele-ìpele títí yóò fi di nǹkan tí a lè dì mú. Ní Cotonou wa níhìn-ín, àwọn ará BloLab ti to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì, irú èyí tí wọ́n fi ń ta epo kpayo lẹ́bàá títì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́! Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ ṣe ní 2011, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ kẹ́ẹ̀gì lò jù wá lọ?

Nítorí náà, ẹ wá àwókù kan fún ọmọ yín, kí ó jẹ́ tirẹ̀: tọ́ọ̀ṣì tí ó ti kú, tàbí rédíò oníbátìrì tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ohun tí ó bá rí nínú rẹ̀ ṣe tọ́ọ̀ṣì tuntun.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ni yóò lò. Kí ó to orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì, kí ó fi páálí wé wọn pọ̀. Kí ó wá gílóòbù wẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń tàn funfun. Wáyà kan yóò ti orí bátìrì wá sí ẹsẹ̀ kan, òmíràn yóò ti ìdí bátìrì wá sí ẹsẹ̀ kejì. Bí kò bá tàn, ẹ má yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú irú gílóòbù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tàn síbẹ̀, kí ó wo ẹnu wáyà. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ òkun tí ń fẹ́ sí wa níhìn-ín. Kì í pẹ́ kí irin tó dípẹtà, ìpẹtà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Kí ó fi iyanrìn gbígbẹ ha á títí yóò fi dán. Iyanrìn kò kúkú wọ́n wa.

Ẹ má sì rán ọmọbìnrin lọ fọ abọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó ti wáyà. A ti rí i nílé púpọ̀.

Àwọn ohun kan kì í ṣe eré o. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ ti wáyà bọ ihò iná ara ògiri láéláé. Kò gbọ́dọ̀ ṣí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onígò, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa á. Bátìrì fóònù kò ṣeé gún, ó lè gbiná. Bátìrì pẹlẹbẹ tí ó dà bí bọ́tìnnì, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ kékeré: bí ó bá gbé e mì, ó lè jó o ní ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí tọ́ọ̀ṣì náà bá tàn, kí ọmọ ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ bí ó ti ṣe é, kí bàbá sì fetí sílẹ̀ títí yóò fi parí, ìbáà jẹ́ pé ìròyìn ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò tirẹ̀.