Ẹ yé pe ọmọ tí kò yege ní olódo



Lọ́dọọdún, bí èsì CEP àti BEPC bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ ní agbo ilé wa: “Olódo ni. Orí rẹ̀ kò gba ìwé. Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́.” Èkíní ń bú ọmọ, èkejì ń pa ìrètí rẹ̀, ẹ̀kẹta sì ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ààtàn tí à ń da ohun tí kò wúlò sí. A kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ná. Yorùbá ló ń sọ nílé, Yorùbá ló ń sọ lọ́jà. Ọjọ́ tó wọ CI, Faransé bò ó mọ́lẹ̀. Ìṣirò, Faransé, kódà bó bá fẹ́ lọ tọ̀, Faransé ni yóò fi tọrọ ààyè. Níbòmíràn, bó bá ṣèèṣì sọ èdè ìyá rẹ̀, wọn a fi “signal” kọ́ ọ lọ́rùn kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí ní ọjà ẹnubodè, tó ń fi orí lásán ṣírò náírà sí sẹfà, òun náà ló gba 4 nínú 20 nínú ìṣirò, nítorí pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Ta ni olódo níbẹ̀?

Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990, ní abala 11, fún gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti sọ èdè wọn kí wọ́n sì kọ ọ́. Olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá tó sì ń wo ọmọ tí kò lóye, tó wá mú pàṣán dípò kó la ọ̀rọ̀ náà yé e lédè rẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń gba 4 bá gba 7, ẹ jẹ́ ká yìn ín lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. 7 kò tíì tó 10, ṣùgbọ́n ó ti ṣí ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé tòsì.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan wà tí ọkàn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń dúró kó tún kíláàsì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìtìjú pa á tán, kí á tó mú un lọ? Ibi tí à ń mú un lọ náà ńkọ́? Ọmọ yóò máa pọn omi, yóò máa fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, yóò máa pọn ọmọ. Bí ọdún bá pé, wọn a ní kí bàbá rẹ̀ wá san owó ìyọ̀ǹda, kó gbé ọtí wá. Ijó ti pọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ iṣẹ́ ò dá a lójú.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ wà. Láti ọdún 2005 ni òfin ti dá CQP sílẹ̀ ní Benin: ọmọ á máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á sì tún máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. CQM wà fún ẹni tó parí lọ́dọ̀ ọ̀gá bí a ti ń ṣe é látijọ́: wọ́n á dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, ìjọba á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó fẹ́ ilẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ti ìjọba wà ní Adja-Ouèrè níbí. Òbí mélòó nínú wa ló ti dé ibẹ̀ lọ béèrè?

Ẹnìkan á ní a fẹ́ kí ọmọ tálákà fi ìwé sílẹ̀ fún ọmọ olówó. Rárá o. Aránṣọ tí kò mọ ìwọ̀n yóò ba aṣọ oníaṣọ jẹ́. Ẹni tó ń fa iná oòrùn sínú ilé gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ọmọ mọ ìwé kà ná, ì báà jẹ́ ní Yorùbá, kó tó lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Abala 13 òfin náà sọ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọn dandan.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó pinnu, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó wù ú. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá láìsí ìwé àdéhùn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ bọ́ “signal” kúrò lọ́rùn ọmọ.

Ẹni tó kan òrùlé tí a ń sùn sábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe olódo.