Kamẹrúùnù àti Ìbínú Wa
Ìyà tí Kamẹrúùnù fi jẹ àwa ọmọ Nàìjíríà nínú àṣekágbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní Abidjan ní 1984 àti ní Casablanca ní 1988, kò dùn wá dé egungun tó ti ọdún 2000, nígbà tí wọ́n borí wa ní ojúde ara wa ní Sùúrùlérè, ní Èkó, tí bọ́ọ̀lù pẹnárítì tí agbábọ́ọ̀lù wa, Ikpeba, gbá lu ọ̀pá òkè, tó balẹ̀ kọjá ìlà, tí adarí eré kò sì kà á fún wa. Ẹ̀tọ́ ni kí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bínú. Ṣùgbọ́n a ti lé akátá tó, ó tó àkókò kí a fàbọ̀ bá adìẹ wí: góòlù méjì ni wọ́n ti gbá wọlé wa lọ́jọ́ náà kí a tó ta pútú. Ìmúrasílẹ̀ tó yè kooro nìkan ni yóò gba ẹ̀san wa.